Ọdẹ́gbàmí Lọ Kí Àkèré Ọba Irà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ìtàn ìyanu ni mo gbé wá lónìí, nítorí náà ẹni tí òkèlè bá wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó tètè gbé e mì kí ẹ̀rín má baà fún un lọ́fun.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́gbàmí, akọni ọdẹ, a-rẹ́kùn-má-sá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pàdé àgbà, a kàn mi orí bí alángbá. Nígbà tí ó lọ tọrọ Àṣàkẹ́, ọmọ tí ó fẹ́ràn ju ojú ara rẹ̀ lọ, ìdúró ni ó kí bàbá ọmọ! Háà! Irú ìwàkiwà wo nìyẹn? Ọláòṣebìkan, bàbá ọmọ, ni olùṣọ́ irà ńlá kan tí àwọn baba ńlá wọn fi òfin dè: ojú lásán ni kí àlejò fi wo ẹran ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á. Ó ní, “Fi ìbọn rẹ sílẹ̀, lọ bá mi kí Àkèré ọba irà, kí o sì gba ìdáhùn rẹ̀ wá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o kò ní fẹ́ ọmọ mi.”

Ọdẹ́gbàmí wọ irà. Ó kọjá lára ọ̀nì tí ó la ẹnu sílẹ̀ tí ẹyẹ ń bá a ṣa eyín, ó kọjá láàrin lékeléke tí wọ́n funfun nini, ó sì pàdé iwin olórí mẹ́ta lábẹ́ igi ògùrọ̀: orí kìíní béèrè ibi tí ó ń lọ, èkejì bá a dáhùn, ẹ̀kẹta sì ń bá àwọn méjèèjì jà. Ó fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́nu ìjà wọn. Níkẹyìn ó dé ọ̀dọ̀ ọba, Àkèré tó tóbi bí ìkòkò, tí ó gúnwà sórí ewé òṣíbàtà.

Ọdẹ́gbàmí bú sẹ́rìn-ín. “Èmi kọ́ ni n ó dọ̀bálẹ̀ fún àkèré tí à ń dín jẹ!” Ó nàró ṣánṣán, ó ní, “Ẹ ǹlẹ́ o.”

Ni ẹrẹ̀ bá gbé e dé orúnkún. Ó fa ẹsẹ̀ kan, èkejì túbọ̀ rì, ó di ìbàdí. Ẹ̀rù bà á, ó rò ó pé òun yóò kú síbẹ̀, ọkùnrin mìíràn yóò sì gbé Àṣàkẹ́ níyàwó.

Ọba ní, “Àlejò, ilé ni à á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣé o gbàgbé tìrẹ sílé ni?”

Kíá, Ọdẹ́gbàmí na àyà sílẹ̀ gbalaja lórí ẹrẹ̀. “Kábíyèsí! Ọláòṣebìkan ní kí n kí yín o!” Ẹ wá wo nǹkan: bí ó ti tẹ́ ara sílẹ̀, ẹrẹ̀ gbé e ró, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tó bá nàró ni irà í gbé mì.

Ọba ní, “Sọ fún un pé a kí i, àna rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n kí.”

Àyà ni Ọdẹ́gbàmí fi wọ́ jáde títí dé ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí Ọláòṣebìkan àti Àṣàkẹ́ ti ń dúró dè é, ó sì jíṣẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà.

Bàbá ní, “Ó tó, dìde, ọkọ Àṣàkẹ́.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbí ná. Ilẹ̀ yìí kò tíì dá mi lójú.”

Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú mọ́ ọn nídìí.

Ẹ̀yin ọlọ́rùn líle, ẹ gbọ́ o: ẹ tètè máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà níbi tí ilẹ̀ gbé gbẹ, kí ẹ má baà lọ dọ̀bálẹ̀ fún àkèré nínú ẹrẹ̀.