Ìdí Tí Òbìrìkìtì Fi Ń Yí Kí Kọ̀ǹpútà Tó Sùn

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ìlú kan wà nínú rẹ̀. Ìlú náà kéré, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀ bí èèrà. Olórin ń kọrin, Atẹ̀wé ń tẹ̀wé, Bàbá Aago ń ṣọ́ àkókò. Ìyá Bátìrì, arúgbó onínúure, ló ń gbé iná dúró fún gbogbo wọn.

Aṣọ́bodè ló ń ti ilẹ̀kùn ìlú. Ó fẹ́ràn Ìyá Bátìrì bí ìyá tó bí i lọ́mọ. Bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá ti tẹ bọ́tìnì pé iṣẹ́ tó, Aṣọ́bodè á máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè jáde kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ sùn. Ìyá Bátìrì kò sì gbọdọ̀ sinmi àfi bí ẹni ìkẹyìn bá jáde.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọlúàbí ni wọ́n nílùú yẹn, ọmọlúàbí àṣejù! Ọmọdé kì í jáde ṣáájú àgbà. Àgbà náà kì í dìde àfi bí wọ́n bá kí i tán. Aṣọ́bodè á dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Aago, á kí i, á sì dúró dè é.

"Mò ń bọ̀," ni Bàbá Aago yóò wí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà.

Ó dìgbà tó bá jáde kí Aṣọ́bodè tó lọ kan ilẹ̀kùn Olórin. Àwọn ọmọdé á ká ẹní mọ́ abíyá, wọn á máa tòògbé lórí ìdúró. Ìyá Bátìrì á ṣì máa gbé iná dúró.

"Ìyá, ó ti rẹ̀ yín," ni Aṣọ́bodè wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Bí agbára mi bá tán pátápátá, mi ò mọ̀ bóyá n ó tún jí."

Àyà Aṣọ́bodè já. Ó sáré wọlé tọ Bàbá Aago, kò tilẹ̀ rántí dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jáde!"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Ṣé o ò rí i pé bàtà ni mò ń wá?"

"Ẹ dákun, Bàbá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Bátìrì ń kú lọ!"

Iná ìlú ṣẹ́jú. Bàbá Aago wòkè, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó wolẹ̀, ó rí bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ojú tì í gan-an.

"Gba agogo mi," ló wí. "Sáré yí ìlú po. Lù ú fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, tọmọdé tàgbà."

"Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kó ké sí ọ, kó tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ kíá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kó máa lọ. Ẹni tó bá sì jókòó pa, gbé e!"

Gbàn-gbàn-gbàn! Aṣọ́bodè bẹ́ sọ́nà. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó ku ìlà kan!" ni Olórin ké. Ó tọ́jú orin rẹ̀, ó fò jáde.

Atẹ̀wé nìkan ló jókòó. "Ìwé mi ń bọ̀ lọ́nà."

"Ìwé wo? Ta ló rán an?"

Atẹ̀wé wo ọwọ́ rẹ̀, òfo ni. Ni Aṣọ́bodè bá gbé e kọ́ èjìká bí àpò gàrí. Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín, Atẹ̀wé náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Bátìrì sọ iná kalẹ̀. Agbára díẹ̀ ṣì kù lára rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló kọ́kọ́ jí, ó ń pe Aṣọ́bodè lọ́mọ rere. Inú Aṣọ́bodè dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà kì í ti í pẹ́ sùn mọ́. Láti ọjọ́ náà sì ni òbìrìkìtì kékeré ti ń yí lójú rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ pa á. Aṣọ́bodè ni, ó ń fi agogo sáré yí ìlú po. Ẹ má fìbínú fa wáyà yọ o. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ fún un: Atẹ̀wé wà léjìká rẹ̀.