Oko Inú Ìwé

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá bi àwọn ọmọ iléèwé abúlé wa.

Ọ̀gá iléèwé wọn, Tísà Fádéyìí, lọ gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì nílùú ńlá. Ó dé tayọ̀tayọ̀, ó ní ọmọ kì í fi ìjókòó gbọ́n, pé inú oko ló yẹ kí a ti máa kọ́ wọn. Ó wá ní kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Odidi oṣù kan ni wọ́n fi kọ bí a ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Ọmọ tó bá yọjú lójú fèrèsé wo ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ẹgba ni. Àṣàbí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, bá ìyá rẹ̀ àgbà lọ sóko lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó jẹ ẹgba mẹ́fà.

Nígbà tó yá, ìyáàfin kan láti ibi tí Tísà ti gba ẹ̀kọ́ wá bẹ iléèwé náà wò.

“Ọ̀gá, oko àwọn ọmọ ńkọ́?”

Tísà kó ogójì ìwé jáde. Ìyáàfin kó gbogbo wọn síta. Ó lọ gé igi ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn fèrèsé, ó nà án sí Tísà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbin eléyìí.”

Tísà ká ṣòkòtò sókè, ó húkọ́ bí ìjòyè, ó ri igi náà mọ́lẹ̀. Làwọn ọmọ bá bú sẹ́rìn-ín.

Àṣàbí ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti dorí ẹ̀ kodò.”

Tísà jágbe mọ́ ọn: “Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ìyá mi àgbà ni, sà. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ẹ torí ẹ̀ nà mí yẹn ni.”