Tìmùtìmù Awọ Àgbò ní Ilé Arógunmásàá

Ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dójú àmì lọ wáṣẹ́ sí ilé tó ń wá irú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ ti di ẹni tí kò níbi tí yóò gbé nínú ìlú náà mọ́. Ibẹ̀ ni òwe tí a máa ń pa pé, "Bí a ti ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni," ti ṣẹ̀ wá. Gbogbo wa la ń pa á. Mélòó nínú wa ló mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pa á fún, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́. N kò ní fi iyọ̀ sí i.

Láníyọnu ni orúkọ ọkùnrin náà. Awọ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń rán gàárì ẹṣin, àkọ̀ idà, àpò, àti tìmùtìmù tí àwọn àgbà máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ogun ló tú ìlú wọn ká. Òun, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, àti ìyá rẹ̀ arúgbó rin ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n tó dé Òkè-Àpáta. Láti ọjọ́ kẹrin ni ẹsẹ̀ ìyá ti wú, tí tọkọtìyàwó sì ń gbà á pọ̀n lọ́wọ́ ara wọn.

Òkè-Àpáta ní òfin fún àwọn tí ogun bá lé wá. Àlejò ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún láti rí ilé kan tí yóò gbà á síṣẹ́. Ilé tó bá gbà á ni yóò fún un ní yàrá, òun náà ni yóò sì dúró fún un níwájú ọba. Ẹni tí kò bá rí ilé kankan yóò máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìyá Láníyọnu kò sì lè rìn mọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, Láníyọnu mọ̀ ọ́n.

Ní ìlú tí wọ́n ti wá, oníṣẹ́ awọ kì í ṣàdédé wáṣẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò kà, tó kọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ náà kọ́ lẹ́nu bàbá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì dùn. Wọn kì í yọ nínú rẹ̀, wọn kì í fi kún un. Bí ó bá kà á tán, yóò tú ẹrù rẹ̀, yóò gbé tìmùtìmù kan jáde, yóò sì tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ baálé ilé tó ti ń wáṣẹ́, kí onítọ̀hún fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ bí awọ náà ti rọ̀ tó. Awọ àgbò ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a fá irun rẹ̀ dànù, wọn a fi osùn kùn ún títí yóò fi pọ́n, tí ojú kò fi ní mọ ẹran tó jẹ́ mọ́.

Ilé àwọn àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí gàárì dé orí ìjánu.

Baálé ibẹ̀ ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ dùn, àlejò. Ṣé orí ẹṣin la ó ti máa kọ ebè ni?"

Wọ́n fún un níṣu sísun, ó jẹ, ó lọ. Ó dé ilé àwọn ọdẹ. Àwọn yẹn ń wá ẹni tí yóò rán apó ọfà fún wọn, Láníyọnu sì mọ apó rán dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí apó nínú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, nítorí náà kò dárúkọ apó. Tìmùtìmù ló ń kà fún àwọn tó ń sùn lórí igi. Ó dé ilé mẹ́rin mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ló kà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó ń múra àtilọ sí ilé Arógunmásàá, ológun àgbà tó ní ẹṣin méjìlá. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé gàárì ilé náà ti ya tán.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ìdí kànga," ni Àwẹ̀ró wí. "Àwọn ìyàwó ilé yẹn ń pọnmi níbẹ̀. N ó bi wọ́n bí ilé wọn ṣe rí, ohun tí bàbá wọn fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́."

"Ṣé ìdí kànga ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ gàárì báyìí?"

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ kà fún àgbẹ̀ náà lẹ kà fún ọdẹ."

"Ọ̀rọ̀ yẹn ló bọ́ bàbá mi, òun ló bọ́ bàbá rẹ̀. Ìwọ lo wá fẹ́ tún un ṣe, Àwẹ̀ró?"

"Èmi kò tún nǹkan kan ṣe. Ẹ ṣáà mú gàárì awọ ewúrẹ́ yìí dání. Iṣẹ́ ọwọ́ yín lòun náà."

Ó jù ú sí ìsàlẹ̀ ẹrù, ó gbéra.

Inú aṣọ́nà ilé Arógunmásàá dùn nígbà tó rí i. "A ti ń wá oníṣẹ́ awọ láti oṣù tó kọjá. Jókòó ná, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe nínú ilé yìí fún ọ kí o tó wọlé."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ṣáà bá mi ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ mi ti wà lẹ́nu mi."

Aṣọ́nà wò ó títí, ó ṣílẹ̀kùn.

Arógunmásàá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ yí i ká. Láníyọnu dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ gàárì, wọ́n gbọ́ ìjánu, orí wọn wú. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó gbé tìmùtìmù pupa náà jáde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ bàbá náà lé e. Arógunmásàá fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra á lọ, ó ra á bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó rọ̀ bí òwú. Awọ kí ni?"

"Awọ àgbò ni, bàbá. Nílé wa, ọba pàápàá, òun ló ń gbé ẹsẹ̀ lé."

Ìyálé ilé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ọmọ tó ń jẹ̀kọ, ẹ̀kọ dúró sí i lẹ́nu. Arógunmásàá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yọ ọ́ nínú iná, ó wá ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nígbà láéláé, ọ̀tá lé ìyá ńlá ilé náà wọ inú ihò àpáta. Àgbò kan wá dùbúlẹ̀ sí ẹnu ihò náà, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Àwọn ọ̀tá rò pé bí èèyàn bá wà nínú ihò, àgbò kò ní fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọjá. Láti ìgbà náà, ọmọ ilé Arógunmásàá kì í pa àgbò, wọn kì í jẹ ẹ́, awọ rẹ̀ kì í wọ ilé wọn. Bí èyí tí wọ́n ń sìn bá kú, wọ́n ń sin òkú rẹ̀ bí òkú èèyàn. Àwọn obìnrin ìdí kànga ìbá ti sọ gbogbo èyí tán kí ìkòkò kan tó kún.

Láníyọnu wólẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, bàbá. N kò mọ̀. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Bàbá náà kò jágbe mọ́ ọn. "Bí ẹ ti ń ṣe é nílé yín," ó ní, "èèwọ̀ ibòmíràn ni."

Ó dìde, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn wọ yàrá, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń da ẹrù Láníyọnu síta, gàárì awọ ewúrẹ́ já bọ́. Aṣọ́nà gbé e, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Irú èyí la ń wá," ó ní. "Ṣé inú ẹrù rẹ ló wà látàárọ̀?" Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé ìgboro, kò sì sí ilé tó jẹ́ gbà á mọ́.

Ẹni tó bá mú àṣà ilé tirẹ̀ lọ sí ilé onílé láì kọ́kọ́ béèrè, òun ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún: ìyàwó tuntun, àlejò, àti ẹni tó ń wáṣẹ́. Mo ń rí àwọn ọmọ wa lóde òní tí wọ́n ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ kan ṣoṣo, tó kún fún ọ̀rọ̀ dídùn, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ogójì, tí wọ́n sì ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ búrẹ́dì láì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ń wá. Wọ́n á ní àwọn mọṣẹ́. Láníyọnu náà mọṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, wọ́n jáde ní Òkè-Àpáta. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá kú sí i lẹ́yìn. Ó ṣì ń rìn lọ, ó ń bá a sọ̀rọ̀, títí Àwẹ̀ró fi dì í lápá mú. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n sin ín sí, ní ilẹ̀ tí wọn kò mọ ẹni tó ni ín.