Bí Dalisay Ṣe Gba Ife-Ẹ̀yẹ ní Jámánì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Dalisay, ọmọbìnrin apẹja kan láti ilẹ̀ Filipíìnì, lọ díje nínú eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá sínú ihò, ní Jámánì. Ó ku bọ́ọ̀lù kan kí ó gba ife-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n jọ ń díje ti fi bọ́ọ̀lù tirẹ̀ dí i lọ́nà. Àwọn òǹwòran ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin náà. Ọkàn Dalisay balẹ̀ bí omi àmù. Ó fi ọ̀pá ta bọ́ọ̀lù funfun, bọ́ọ̀lù náà lu ẹ̀gbẹ́ tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbá tìkẹyìn wọ ihò.

“Ọmọbìnrin, ta ló kọ́ ọ?” ni ọkùnrin náà bi í.

“Ẹ̀gbọ́n, tábìlì kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé wa ní, ó tún fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá tàsé á kúrò nídìí ẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó di ọ̀la kó tó tún kàn án. Èmi ò sì fẹ́ràn kí n máa kúrò.”