Òkè Tí A Gbé Ka Ilẹ̀ Mìíràn

Àkànmú, gbọ́ ìtàn kan: ọkùnrin kan wà tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń ṣe máàpù, ìyẹn àwòrán ilẹ̀, fún eré ogun orí kọ̀ǹpútà. O mọ irú eré bẹ́ẹ̀: ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a kó ọmọ ogun jọ, wọn a sì máa du òkè, odò àti ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè ya ilẹ̀ tuntun tí wọn yóò ti jà. Ẹ̀gbọ́n ló ní sùúrù. Àbúrò ló ní ọwọ́ iṣẹ́. Òkè kan wà tí àbúrò yìí ṣe, tí odò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé bí àwọn bá ti gun òkè náà, ó máa ń ṣe àwọn bíi kí àwọn má sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án pa àbúrò náà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí ó ṣe máàpù tuntun kan tí àwọn yóò fi rántí olóògbé ní ogójì ọjọ́, kí gbogbo àwọn jókòó pa pọ̀, kí àwọn ṣeré lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà. Àbúrò rẹ̀ kò fi ọmọ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá parẹ́, kò tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò máa tọ́ka sí pé òun ló ni ín.

Nígbà tí ó jókòó sí iṣẹ́ náà, kò ya òkè kankan fúnra rẹ̀. Ó ṣí máàpù àtijọ́, ó ṣe ẹ̀dà òkè àbúrò rẹ̀, ó sì gbé e ka àárín ilẹ̀ tuntun. Kò bá a mu. Ilẹ̀ tí òkè náà ti wá ga. Èyí tí ó gbé e lé rẹlẹ̀. Ẹ̀dà náà sì gbé gíga ibi tí ó ti wá dání, nítorí náà etí rẹ̀ yọ sókè yíká bí ògiri. Ìdajì odò tí ó tẹ̀ lé e wá dúró lófuurufú, kò rí ibi ṣàn gbà. Ó pa á rẹ́, ó tún un gbé. Bákan náà ni. Ó gbé èyí tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ògiri náà kàn sún síwájú ni. Níkẹyìn, ó fi àwọ̀ koríko kun ògiri náà títí ojú kò fi rí i mọ́.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ náà kí wọ́n wá dán an wò. Wọ́n rán ọmọ ogun wọn sí orí òkè. Àwọn ọmọ ogun dé ibi koríko, wọ́n dúró. Wọ́n yí òkè náà ká, wọ́n tún padà síbi kan náà, nítorí koríko kò sọ ògiri di ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ní, "Bùọ̀dá, àwọn tiwa ti sọ ìdí òkè yín di ibi ìpàdé o. Ó ku kí ẹ bá wọn wá àga." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí ẹni tó ni òkè.

Opó olóògbé wà níbẹ̀. Ó ti jókòó ti ọkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé kì í tako ẹ̀gbọ́n ọkọ lójú àlejò, nítorí náà ó dúró títí àwọn ọ̀rẹ́ fi lọ, ó wá kúnlẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ṣe òkè náà; wọn kò tíì tún ilẹ̀ ṣe dè é ni. Ó ní kí ó rẹ etí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó bu ilẹ̀ tuntun kún láti pàdé rẹ̀, kí ó sì yọ odò náà kúrò.

Ọkùnrin náà ní òun kò ní fọwọ́ kan ohun tí ọwọ́ àbúrò òun ṣe.

"Bàbá mi," obìnrin náà dáhùn, "tó bá jẹ́ òun ló jókòó síbí, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò wò ó, yóò sì gé e. Kì í ṣe òun lẹ ń tọ́jú yìí. Òun kì í ya òkè tí ènìyàn kò lè gùn."

Ọkùnrin náà bínú. Ọjọ́ méjì ni kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ etí òkè náà sílẹ̀. Ó ń ṣe é, ó ń sunkún, nítorí ibi gbogbo tí ó bá fọwọ́ kàn dà bíi pé ó tún ń sin ín. Ó yọ odò. Ó la ọ̀nà sí apá ibi tí ilẹ̀ tuntun ti gbà á láyè.

Ogójì ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ ogun gun òkè náà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gùn ún. Nígbà tí eré parí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ béèrè pé, "Bùọ̀dá, apá ibo ni ti olóògbé níbẹ̀?" Ọkùnrin náà na ìka, ó wò ó pẹ́, kò sì mọ ibi tí òun yóò fi í sí mọ́. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí àwọn tún eré náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àkànmú, ìyàwó rẹ kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo wa la sunkún rẹ̀, n kò sì ní kí o gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo mú obìnrin mìíràn wọlé. O kó aṣọ olóògbé fún un pé kí ó máa wọ̀ ọ́. Bí ó bá se ọbẹ̀, o ní ti ẹni àná kì í rí báyìí. Orúkọ tí o fi ń pe olóògbé ni o fi ń pè é. O sì ń ra nǹkan fún un, kí ará àdúgbò lè rí i pé ilé rẹ tòrò. Ó ń rìn yí ọ ká nínú ilé yẹn, Àkànmú, kò rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ó wá sọ́dọ̀ mi lánàá. Kò ṣàròyé. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: báwo ni olóògbé ṣe máa ń rìn?

Obìnrin náà ní orúkọ tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí wọ́n bí i. Padà sílé, kí o fi orúkọ náà pè é. Yóò ṣòro lẹ́nu rẹ. Pè é bẹ́ẹ̀.