Ìdí Tí Ilẹ̀kùn Ìpolówó Fi Kéré Bí Ojú Èèrà

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ àti ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan náà, Kọ̀ǹpútà kì í sọ àsọjù. Ilé Adìẹ ló ń gbé. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á yọjú wo ayé láti ojú Fèrèsé rẹ̀, á rí ìdáhùn, á sọ ọ́, á sì dákẹ́.

Ìta gbangba ni Ìpolówó ń gbé ní tirẹ̀, tó ń kígbe ọjà fún ẹni tó ń kọjá. Ilẹ̀kùn kan wà ní àyà rẹ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé. Bí ariwo rẹ̀ bá ti sú ẹnìkan, onítọ̀hún á ti ilẹ̀kùn náà pa, Ìpolówó á sì panu mọ́. Kò sí ìjà.

Alágẹmọ ni ọ̀gá Ìpolówó. Aṣọ ni Alágẹmọ ń tà, èyí tó sì wọ̀ láàárọ̀ kọ́ ló ń wọ̀ lọ́sàn-án. Inú rẹ̀ kò dùn sí bí àwọn ará ìlú ṣe ń ti ilẹ̀kùn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pa.

Lọ́jọ́ kan, Adìẹ wo Fèrèsé Kọ̀ǹpútà, ó ní Fèrèsé náà wà ní ìhòòhò jù. Ó bá lọ sọ́dọ̀ Alágẹmọ, ìyẹn sì fún un ní aṣọ fèrèsé olódòdó kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún na nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi ewé dì sí i.

"Èènì nìyẹn, Ìyá Ọlọ́mọ. Ṣé ẹ gbà á?"

"Mo gbà á. Ẹ ṣeun."

Ní ìlú náà, wọn kì í tú èènì wò lójú ẹni tó fún ni. Wọ́n á ní onítọ̀hún kò mọ oore. Adìẹ ní ẹ̀kọ́ ilé, kò tú u. Nígbà tó délé, ọ̀rọ̀ ọmọ kò jẹ́ kó rántí tú u, ó kàn so ó mọ́ etí aṣọ, ó sì fi aṣọ náà kọ́ sójú Fèrèsé. Ìpolówó ló ká jọ sínú ewé yẹn.

Kọ̀ǹpútà rí i nígbà tó ń wọlé. Kò sọ nǹkan kan, nítorí wọn kò bi í.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Adìẹ béèrè bóyá òjò máa rọ̀. Ìpolówó yọ síwájú, ó ní bàtà tuntun ti dé. Adìẹ ní òun kì í wọ bàtà. Ìpolówó bá kó ìbọ̀sẹ̀ jáde. Adìẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, àmọ́ kò pẹ́ tí Ìpolówó tún gba ẹ̀gbẹ́ kejì yọ, nítorí inú ilé ló ń sùn báyìí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tì í pa ló ń fá ilẹ̀kùn náà kéré sí i. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Ìdáhùn tó ń sọ ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀, iṣu á jinná kó tó sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ni ikọ́ mú àwọn òròmọdìẹ. Àbígbẹ̀yìn wọn kò lè gbé orí mọ́. Adìẹ sáré lọ bá Kọ̀ǹpútà, ó ní ewé wo ni wọ́n ń fún ọmọ tó ń húkọ́.

Ìpolówó gbọ́. Ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Alágẹmọ, ó wá yọjú, ó ní ibùsùn wà ńlẹ̀. Adìẹ wá ilẹ̀kùn rẹ̀ títí. Ó ti di bí ojú èèrà. Ó fi ẹnu ṣá a, kò bà á, Fèrèsé sì ṣí sí ìsọ̀ Alágẹmọ. Ó tún ṣá a, ìsọ̀ Alágẹmọ náà ni. Ọmọ ń húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Àwòdì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dé fìlà.

"Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Ọlọ́mọ. Mo gbọ́ pé ara àwọn ọmọ ò yá."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Alágẹmọ ni. Gbogbo ohun tí ẹ bá béèrè níbí ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún àwa oníbàárà rẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ò lè sáré."

Adìẹ na ìyẹ́, àwọn ọmọ sá wọ abẹ́ rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn kò tètè débẹ̀. Àwòdì ní ó dàbọ̀, ó sì gbé e lọ. Kí Ọlọ́run má fi ohun tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́ gba tọwọ́ wa.

Adìẹ jókòó síwájú Kọ̀ǹpútà.

"Ta ló mú Ìpolówó wọlé?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Wọ́n ní ṣé ẹ gbà á, ẹ ní ẹ gbà á. Èmi ò lè lé àlejò onílé."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ tú èènì yẹn."

Adìẹ fa aṣọ olódòdó náà ya. Ó fi ẹsẹ̀ tú ewé náà, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, títí Ìpolówó fi jábọ́. Ó tì í síta. Ó wá tún béèrè ewé ikọ́ náà.

"Efinrin," ni Kọ̀ǹpútà wí, ó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ tó kù mu omi efinrin, ara wọn sì yá.

Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn Ìpolówó ti kéré bí ojú èèrà ní igun Fèrèsé, tí ẹni tó bá fẹ́ tì í á kọ́kọ́ ṣì í tẹ̀. Ìpolówó ṣì ń lọ láti ilé dé ilé, àwọn kan sì ń gbà á láìwò. Adìẹ kò sí lára wọn. Ẹ da àgbàdo fún un lórí sìmẹ́ńtì tó mọ́ tónítóní, yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tú u wò kó tó jẹ ẹ́.