Ọwọ́ Òsì Ọlátẹ́jú

Ọlátẹ́jú ni onídùùrù tí gbogbo ẹgbẹ́ olórin jáàsì ìlú Ìbàdàn ń yá lò. Kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Bí olórin kan bá fẹ́ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù nílé ìgbohùnsílẹ̀ Ọ̀gá Látúnjí, òun ni wọn yóò ránṣẹ́ pè. Wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù, ìyẹn kò sì dùn ún, níwọ̀n ìgbà tí ẹlòmíràn kò ti jókòó sídìí dùùrù ibẹ̀ rí.

Àfi ìgbà tí Fádípẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta. Ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin yìí yá lórí dùùrù débi pé àwọn afunfèrè ń gbàgbé fèrè sẹ́nu. Owú jẹ Ọlátẹ́jú. Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà: bí wọ́n bá yin Fádípẹ̀ lójú rẹ̀, á ní, "Ó ń gbìyànjú," á sì yíjú sí fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Látúnjí pe àwọn méjèèjì.

"Rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ yìí, ẹ ó jọ jókòó sídìí dùùrù kan ni. Fádípẹ̀ á mú apá ọ̀tún, níbi tí ohùn ti ń ké. Ọlátẹ́jú, ìwọ mú apá òsì. Ọwọ́ òsì rẹ ló ń gbé orin dúró, mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Òsì nìkan ni Ọlátẹ́jú gbọ́. Òsì, ọwọ́ tí a kì í fi júwe ilé baba ẹni! Òun tó ti ń tẹ dùùrù nígbà tí ikun ṣì ń ṣàn nímú Fádípẹ̀, òun ni wọ́n wá sọ di òsì ọmọ àná.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó ti tọrọ gírísì díẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò. Ó fi pa àwọn eyín dúdú tí ìka ń tẹ̀ lápá ọ̀tún dùùrù. Dúdú bọ́ sára dúdú, ojú kò rí i. Ó mọ̀ pé ìka tó bá sáré débẹ̀ á yọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló sì ń ṣeré pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nílé Ọ̀gá Látúnjí, àṣìṣe ẹnì kan ti ba ti gbogbo wọn jẹ́. Wọn kì í tún pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́.

Fádípẹ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó wo bẹ́ǹṣì, kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò lè gba ọwọ́ ọ̀tún mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà, ẹ bọ́ sọ́tùn-ún."

"Jókòó síbi tí Ọ̀gá ní kó o jókòó sí."

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn, ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀gá Látúnjí rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ọmọ tó mọ àgbà. Ẹ pààrọ̀ àyè."

Bí Ọlátẹ́jú bá kọ̀, wọn á bi í ní ìdí. Ó jókòó. Ó ń yẹra fún àwọn eyín dúdú, àmọ́ nígbà tí orin gbóná, ìka rẹ̀ yọ̀ lórí wọn, dùùrù sì ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Orin dúró. Gbogbo ojú yí sí i. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ omi, ó fi òsì pamọ́ sẹ́yìn kí ó má baà dọ̀tí. Ó gbọn ọwọ́ náà títí, gírísì kò ṣí. Ibẹ̀ ni Fádípẹ̀ bá a, pẹ̀lú ọṣẹ àti kẹrosíìnì díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, òsì yín dà?"

Ọlátẹ́jú mú òsì wá. Òsì ra ọ̀tún, òun náà dúdú. Ọ̀tún tún ra òsì padà, títí méjèèjì fi mọ́.

"Ṣé o mọ ẹni tó fi gírísì síbẹ̀?" Ọlátẹ́jú kò lè gbójú sókè.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká wọlé, wọ́n ń retí wa."

Wọ́n nu dùùrù. Ọlátẹ́jú fúnra rẹ̀ lọ jókòó sápá òsì. Owú náà kò tán lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí òsì rẹ̀ gbé orin dúró, tí ọ̀tún Fádípẹ̀ ń jó lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ènìyàn méjì ló ń tẹ dùùrù. Ìdí rèé tí àwọn àgbà olórin ibẹ̀ fi ń sọ fún ẹni tó bá rò pé òun lè dá a ṣe pé, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.